Gáàsì kì í tán nínú ẹ̀rọ atutù ńlá: bí a ṣe ń fà á jáde àti bí a ṣe ń fi òmíràn sí i

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àṣà lẹ́nu gbogbo àwa tí a ń lo ẹ̀rọ amúlétutù ní ilẹ̀ yìí. Bí yàrá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, tí ẹ̀rọ ń kùn ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn tútù kò jáde mọ́, ohun tí oníkálukú yóò sọ ni pé, "Gáàsì ti tán." Oníṣẹ́ yóò dé, yóò gbé sílíńdà sílẹ̀, yóò rọ gáàsì sí i, yóò gba owó rẹ̀, yóò sì máa lọ. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, gáàsì yóò tún "tán." Bẹ́ẹ̀, gáàsì tí à ń wí yìí kì í tán. Kì í ṣe epo bẹntiróò tí ọkọ̀ ń jó, kì í sì í ṣe gáàsì ìdáná tí iná ń jẹ. Inú páìpù tí a dí pa ni ó ti ń yí po láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀. Bí ó bá dínkù, jíjò ni ó jò. Ẹni tí ó bá ń rọ òmíràn sí i láì wá ibi tí ó ti ń jò, omi ni ó ń dà sínú apẹ̀rẹ̀.

Nínú ẹ̀rọ kékeré ara ògiri, àdánù náà kò ju owó perete lọ. Nínú ẹ̀rọ ńlá tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní chiller, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní kékeré. Ẹ wo Malete, ní ìjọba ìbílẹ̀ Moro, ní apá àríwá Ìlọrin. Ìlú àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara tó dá yunifásítì rẹ̀, KWASU, sílẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 2009. Ibi tí yunifásítì bá wà, gbọ̀ngàn ńlá, yàrá ìwádìí, ilé ìkàwé àti yàrá kọ̀ǹpútà kò ní í ṣàìsí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ní agbègbè Ìlọrin kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Irú ilé ńláńlá bẹ́ẹ̀, àti ilé ìwòsàn, òtẹ́ẹ̀lì, ilé iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ilé iṣẹ́ oògùn, ni a ṣe chiller fún. Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ẹnjiníà ní irú ìlú báyìí, ó yẹ kí àwọn tí kì í ṣe ẹnjiníà pẹ̀lú mọ ohun tí oníṣẹ́ ń ṣe nígbà tí ó bá ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ mọ́rí, nítorí owó ilé iṣẹ́ àti ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀.

Chiller yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ara ògiri ní ti pé omi ni ó ń mú tutù. Omi náà yóò gba páìpù lọ káàkiri ilé, yóò gba ooru yàrá kọ̀ọ̀kan, yóò sì gbé e padà wá. Lọ́pọ̀ ibi, nǹkan bíi digíríì 7 ni omi náà máa ń jẹ́ nígbà tí ó bá ń jáde lọ, nǹkan bíi 12 nígbà tí ó bá padà dé. Nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, àgbá méjì ni ó ṣe kókó. Nínú àgbá tútù, gáàsì tí ó wà bí omi yóò hó, yóò sì gba ooru lára omi tí ń kọjá nínú àwọn páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yóò fà á, yóò fún un pọ̀, yóò tì í sínú àgbá gbígbóná, níbi tí yóò ti sọ ẹrù ooru náà kalẹ̀, tí yóò sì tún dì padà. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, a óò máa pè é ní gáàsì olómi nígbà tí ó bá ń ṣàn bí omi, a óò sì máa pè é ní gáàsì afẹ́fẹ́ nígbà tí ó bá fúyẹ́ bí atẹ́gùn. Kílò kan tàbí méjì ni ó sábà máa ń wà nínú ẹ̀rọ ara ògiri. Nínú chiller ńlá, ó lè jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò.

Ìdí tí a fi ń tú gáàsì kúrò kò pọ̀: kọ̀mpúrẹ́sọ̀ jó, páìpù bàbà lu, omi wọlé, tàbí a fẹ́ jó ibi tí ó ń jò pa. Oníṣẹ́ tí ó bá gbọ́n yóò kọ́kọ́ wo bóyá fáàfù wà tí ó lè fi há gáàsì náà mọ́ inú àgbá gbígbóná, kí ó lè ṣiṣẹ́ lápá kejì láì tú ohunkóhun jáde. Bí kò bá ṣeé ṣe, yóò gbé ẹ̀rọ agbágáàsì wá, yóò kọ́kọ́ fa gáàsì olómi, nítorí òun ni ó wúwo tí ó sì yára, kí ó tó wá fa gáàsì afẹ́fẹ́ tí ó ṣẹ́kù. Sílíńdà tí ó ń gbà á sí kò gbọdọ̀ kún ju ìdá 80 nínú 100 lọ. Gáàsì olómi máa ń wú bí ooru bá mú un, sílíńdà tí ó bá kún dẹ́nu tí a sì gbé sínú oòrùn Malete kò yàtọ̀ sí àdó olóró. Nítorí náà orí òṣùwọ̀n ni sílíńdà gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ìgbà tí a bá ń rọ gáàsì sínú rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ewu àkọ́kọ́ wà fún chiller, ọ̀pọ̀ tí ẹ̀rọ kékeré nìkan mọ́ lára kì í sì í mọ̀ ọ́n. Bí a ti ń fa gáàsì, ìfúnpá inú àgbá ń lọ sílẹ̀, gáàsì tí ó kù ń hó, ó sì ń tutù bí ó ti ń hó. Bí omi inú àwọn páìpù bàbà bá dúró jẹ́ẹ́, yóò di yìnyín. Yìnyín a máa wú, yóò sì fa páìpù bàbà ya. Omi yóò wá wọ ibi tí kò yẹ kí omi dé láéláé, ẹ̀rọ tí a fẹ́ tún ṣe yóò sì bàjẹ́ ju bí a ti bá a lọ. Nítorí náà, bí gáàsì bá ń jáde, pọ́ǹpù omi gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, tàbí kí a ti fa omi inú páìpù gbẹ pátápátá.

Àwọn kan á ní, kí ni ti wàhálà yìí? Ẹ ṣí fáàfù, ẹ jẹ́ kí ó fẹ́ lọ sójú ọ̀run. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa, kò sì sí ẹni tí ó rí ojú ọgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà wà. Àwọn gáàsì àtijọ́, R-11 àti R-12, ń jẹ ìpele ozone tí ó bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè fi ṣe Àdéhùn Montreal ní ọjọ́ 16, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1987, tí Nàìjíríà sì darapọ̀ mọ́ ọn ní 1988. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010 ni a ti fòpin sí àwọn gáàsì méjì yẹn ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Chiller gan-an jẹ́ ara ohun tí wọ́n dójú sọ: nígbà tí àjọ UNIDO ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń ṣe ètò láti pààrọ̀ àwọn chiller àtijọ́ ní orílẹ̀-èdè 5 ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn, pẹ̀lú Cameroon, Íjíbítì, Namibia àti Sudan.

R-22 ni ó wá gba ipò wọn lọ́pọ̀ ibi. Òun náà ń jẹ ozone, bí ó tilẹ̀ kéré, àkókò rẹ̀ sì ti ń pé. Àdéhùn náà ní kí àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa dín lílò rẹ̀ kù ní ìdá 35 nínú 100 ní 2020, ìdá 67.5 ní 2025, kí ó sì kù díẹ̀ bíńtín fún àtúnṣe nìkan láti 2030. R-134a àti R-410A tí ó tẹ̀ lé e kì í jẹ ozone ní tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń há ooru mọ́ ayé. Kílò kan R-134a tí ó bá jò dà bí ẹni pé a tú kílò 1,430 èéfín carbon dioxide sójú ọ̀run. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: bí oníṣẹ́ kan bá ṣí fáàfù chiller tí ó ní kílò 200 nínú, tọ́ọ̀nù 286 ni ó tú sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àtúnṣe Kigali ti ọdún 2016, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2018, ni ó ń dín àwọn wọ̀nyí náà kù. Ní ti òfin ilé, ìlànà ìdáàbòbò ozone tí ó jáde ní ọdún 2009, èyí tí àjọ NESREA ń mójú tó, kò fàyè gba kí a kàn máa tú irú gáàsì ozone bẹ́ẹ̀ dànù. Kí a tilẹ̀ fi òfin sílẹ̀, gáàsì tí a gbà sí sílíńdà ṣeé sẹ́, kí a sì tún lò ó. Bí R-22 ti ń ṣọ̀wọ́n yìí, ẹni tí ó ń tú u dànù, owó ni ó ń tú dànù.

Lẹ́yìn tí gáàsì bá ti jáde, tí a sì ti tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe, ó kù kí a mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ṣì ń jò. Nitrogen gbígbẹ ni a ń rọ sínú rẹ̀ fún èyí, pẹ̀lú fáàfù tí ń dín ìfúnpá kù, a kò sì gbọdọ̀ kọjá iye tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ kọ sí ara rẹ̀. A óò fi ọṣẹ tí a pò mọ́ omi ra ojú ibi tí a ti jó o àti gbogbo ìsopọ̀. Ibi tí ó bá ń hó ni ó ń jò. Lẹ́yìn èyí, a óò fi í sílẹ̀ mọ́jú pẹ̀lú nitrogen nínú rẹ̀, kí a wò bóyá géèjì kò yẹ̀. Àwọn kan tí wọn kò ní nitrogen máa ń lo sílíńdà oxygen tí àwọn ajórin ń lò. Ikú ni wọ́n ń ṣeré pẹ̀lú. Epo wà nínú kọ̀mpúrẹ́sọ̀, bí oxygen tí a fún pọ̀ bá sì pàdé epo, ó lè bú gbàmù láì sí ẹni tí ó ṣáná sí i.

Iṣẹ́ tí ó ń gba sùúrù jù lọ ni ó kàn, òun náà sì ni àwọn oníkánjú ń fò. Kí gáàsì tuntun tó wọlé, inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣófo: kò gbọdọ̀ sí nitrogen, kò gbọdọ̀ sí afẹ́fẹ́, pàápàá jù lọ, kò gbọdọ̀ sí omi. Afẹ́fẹ́ tí ó bá kù yóò gba àyè nínú àgbá gbígbóná, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yóò sì máa ṣe làálàá lórí òfo, owó iná yóò sì ga. Omi ni ọ̀tá tí ó burú jù. Bí ó bá dàpọ̀ mọ́ gáàsì àti epo nínú ooru, ásíìdì ni ó ń dà, ásíìdì náà ni yóò máa jẹ ara wáyà inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jó. Wọn a ní àìdára iná ló jó o. Nígbà mìíràn iná kọ́ ló jó o, omi tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni. Epo tí a ń lò pẹ̀lú R-134a àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí iyọ̀ tí a gbàgbé síta lásìkò òjò, nítorí náà agolo rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí.

Báwo ni a ṣe ń fa omi jáde nínú irin tí a dí pa? Híhó ni a ń mú un hó, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú iná. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé omi ń hó ní digíríì 100. Èyí jẹ́ òtítọ́ nítorí pé afẹ́fẹ́ ayé ń tẹ̀ ẹ́ lórí. Bí a bá mú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà kúrò, omi yóò hó nínú ooru yàrá lásán. Micron ni a fi ń wọn ohun tí ó kù: afẹ́fẹ́ ayé jẹ́ 760,000 micron, omi tí ó wà ní digíríì 30 yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ó bá ti lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi 32,000. Ẹ̀rọ afafẹ́fẹ́ ni a ń fi ṣe é, a sì ń fà á títí yóò fi dé 500 micron tàbí kí ó kéré sí i, bí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ bá ṣe là á sílẹ̀. Géèjì ọlọ́wọ́ méjì tí oníṣẹ́ ń gbé kọ́ ọrùn kò lè rí èyí. Lójú tirẹ̀, 5,000 àti 500 kò yàtọ̀ síra. Géèjì micron ni a nílò, ara ẹ̀rọ tí a ń fà ni a sì ń so ó mọ́, jìnnà sí ẹ̀rọ afafẹ́fẹ́. Họ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ nípọn, kí ó sì kúrú. Họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń rọ gáàsì sínú fìríìjì lè sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan di ti ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ yìí mu gan-an. Bí páìpù bá ti lu tí omi sì pọ̀ nínú àgbá, tí a wá gbé ẹ̀rọ afafẹ́fẹ́ alágbára lé e lórí, omi náà yóò di yìnyín kí ó tó hó tán. Géèjì yóò lọ sílẹ̀ dáadáa, oníṣẹ́ yóò rò pé ó ti parí, bẹ́ẹ̀ yìnyín wà ní ìsàlẹ̀ tí ń dúró dè é. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú omi tí ó ṣeé tú dànù, kí a fa afẹ́fẹ́ díẹ̀, kí a rọ nitrogen gbígbẹ sí i láti fi gbé ọ̀rinrin, kí a tún fà, kí a tún rọ, tó ìgbà mẹ́ta. Nígbà tí géèjì bá dé 500, a óò ti fáàfù, a óò pa ẹ̀rọ afafẹ́fẹ́, a óò sì dúró wò. Bí géèjì bá dúró sójú kan, ó dára. Bí ó bá gòkè díẹ̀ tí ó wá dúró, omi ṣì wà níbẹ̀ tí ń hó. Bí ó bá ń gòkè tí kò dúró, ó ń jò. Kí a padà sí nitrogen.

Ohun méjì ni mo fẹ́ fi kún un. Ní ilẹ̀ tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, bí iná bá lọ nígbà tí à ń fa afẹ́fẹ́, epo ẹ̀rọ afafẹ́fẹ́ àti afẹ́fẹ́ ìta lè rọ́ padà wọ inú chiller. Fáàfù tí ń ti ara rẹ̀ bí iná bá lọ kò wọ́n tó iṣẹ́ ọjọ́ méjì tí ó bá ṣòfò. Èkejì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tàbí kí ó fi géèjì iná gíga dán wáyà rẹ̀ wò nígbà tí inú rẹ̀ bá ṣófo báyìí. Iná mànàmáná a máa fò láti ara wáyà kan sí èkejì nínú òfìfo, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yóò sì jó kí a tó ṣẹ́jú.

Nígbà náà ni gáàsì tuntun tó lè wọlé, ewu yìnyín tí a sọ lẹ́ẹ̀kan sì tún padà dé. Inú òfìfo yìí, bí a bá da gáàsì olómi sí i lẹ́ẹ̀kan náà, yóò hó pẹ̀lú agbára, yóò sì tutù rékọjá ibi tí omi ti ń dì. Gáàsì afẹ́fẹ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú pọ́ǹpù omi tí ń ṣiṣẹ́, títí ìfúnpá inú àgbá yóò fi kọjá èyí tí ó bá digíríì 0 mu. Fún R-134a, nǹkan bíi 28 psi ni lójú géèjì. Fún R-22, nǹkan bíi 58. Àwọn oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ máa ń kọjá rẹ̀ díẹ̀ kí ọkàn wọn tó balẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni gáàsì olómi lè máa wọlé. Ọ̀tọ̀ ni ti R-123, tí ó wà nínú àwọn chiller kan tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfìfo: nǹkan bíi digíríì 28 ni òun ti ń hó, tí ó fi jẹ́ pé nínú oòrùn ọ̀sán ní Malete, ó lè máa hó nínú dúrọ́ọ̀mù rẹ̀. Irú chiller bẹ́ẹ̀ kì í sábà tú gáàsì síta bí ó bá ń jò. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fà wọlé.

Iye tí a óò fi sí i, ara ẹ̀rọ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ní kílò. Òṣùwọ̀n ni a fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe fífi ọwọ́ kan páìpù láti mọ̀ bóyá ó ti ń làágùn. Bí gáàsì bá jẹ́ àdàpọ̀, bíi R-407C, gáàsì olómi ni a gbọ́dọ̀ fà láti inú sílíńdà rẹ̀, nítorí bí a bá fa gáàsì afẹ́fẹ́, èyí tí ó fúyẹ́ jù nínú àdàpọ̀ náà ni yóò kọ́kọ́ jáde, ohun tí ó wọlé kò sì ní í jẹ́ ohun tí a rà mọ́. A kì í da gáàsì oríṣi méjì pọ̀ nínú ẹ̀rọ kan. Ayédèrú sì wà lọ́jà. Ní ọdún 2011, kọ̀ǹtéínà atutù tí wọ́n fi ń kó oúnjẹ bú gbàmù ní Vietnam àti ní Brazil, èèyàn mẹ́ta sì pàdánù ẹ̀mí wọn. Gáàsì R-40 tí wọ́n fi lú R-134a ni wọ́n bá nínú wọn. Ó máa ń bá irin aluminium jà, ohun tí wọ́n sì bí lè gbiná bí ó bá ti fara kan afẹ́fẹ́. Àwọ̀ sílíńdà kò tó ẹ̀rí. Ẹ̀rọ kékeré wà tí a fi ń yẹ gáàsì wò kí ó tó wọ inú ẹ̀rọ, ilé iṣẹ́ tí ó ní chiller kò sì yẹ kí ó ka iye rẹ̀ sí ìnáwó.

Ní ti ẹ̀mí oníṣẹ́: ọ̀pọ̀ gáàsì wọ̀nyí kò ní òórùn tí ó lágbára, wọ́n sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ yàrá ẹ̀rọ ni wọ́n ń rọ̀gún sí, wọn a sì lé afẹ́fẹ́ tí à ń mí kúrò. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ wọ inú kòtò páìpù lè dákú láì mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó bá sáré wọlé láti gbé e náà lè ṣubú tẹ̀ lé e. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, fáànù gbọ́dọ̀ máa fẹ́, oníṣẹ́ kan ṣoṣo kò sì gbọdọ̀ dá wà níbẹ̀. Iná àjórin kò gbọdọ̀ dé ibi tí gáàsì ṣì wà, nítorí èéfín olóró ni gáàsì náà ń dà bí ó bá kan iná.

Ẹni tí ó ni chiller kò nílò láti di ẹnjiníà. Ìwé kan ni kí ó béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ kí ó tó sanwó: kílò mélòó ni ó jáde, kílò mélòó ni ó wọlé, ibo ni ó ti ń jò, micron mélòó ni géèjì dé, wákàtí mélòó ni ó sì fi dúró síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kílò 30 ni wọ́n fi kún un lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n tún fẹ́ fi 30 mìíràn kún un lọ́dún yìí, kí wọ́n gbé sílíńdà náà sílẹ̀ ná, kí wọ́n lọ wá ọṣẹ àti nitrogen wá.